Ogójì Ọjọ́ Tó Wà Nínú Ọ̀rọ̀ Kan

Ara páálí sìgá ni bàbá mi kọ ìwé náà sí. Ó ya ẹ̀gbẹ́ kan lára páálí, ó ká a róbótó, ó fi okùn dè é, ó sì tì í bọ inú agolo mílíìkì kí omi má baà kàn án. Ọkùnrin atukọ̀ kan láti Marine Beach ló gbé agolo náà wá sí àgbàlá wa ní Ajégúnlẹ̀, lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni, aṣọ ilé ìwé ṣì wà lọ́rùn mi. Ọkùnrin náà kò wọlé. Ó gbé agolo sílẹ̀ lẹ́nu géètì, ó fà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Madam, na your oga send me," ló sọ fún màmá mi láti ibi tó dúró sí. "Im say make I no come near pikin."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó yíjú padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni bàbá mi ti jáde tí kò padà wá. Akọ̀wé tálì ni ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró lórí ọkọ̀ ojú omi, kó máa fi ìlà sàmì sínú ìwé bí wọ́n ṣe ń já ẹrù. Àpò kan, ìlà kan. Bí ìlà bá pé mẹ́rin, á fi ìkarùn-ún dábùú wọn, á wá bẹ̀rẹ̀ ìdì mìíràn. Iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lára débi pé kò sí ohun tí kì í fi ìlà kà nílé. Nígbà tí màmá mi wà nínú oyún, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ló ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì oṣù sí títí ó fi pé mẹ́sàn-án: ìdì kan àti ìlà mẹ́rin. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Ìlà tó fi ń dábùú kì í rí bíi ti àwọn akọ̀wé yòókù, òdìkejì ló máa ń wọ́ sí. Bí màmá mi bá gbé oúnjẹ fún un, tó bá na ọwọ́ òsì sí i, màmá mi á fa àwo padà. "Ọwọ́ ọ̀tún, bàbá ọmọ," lá sọ, bàbá mi á rẹ́rìn-ín, á yí ọwọ́ padà. Èyí kò yẹ̀ lójúmọ́.

Ọmọ tuntun tó wà nílẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ́jọ́ tí agolo yẹn dé. Nínú ìjọ wa, ìjọ aláṣọ funfun tí a ti ń bọ́ bàtà kí a tó wọlé àdúrà, obìnrin tó bá bímọ kì í wọ ilé Ọlọ́run títí ogójì ọjọ́ á fi pé. Àwọn àgbà ilé wa tún fi tiwọn kún un, pé kò gbọdọ̀ gbé ọmọ jòjòló kọjá géètì. Tí ó bá wá di ọjọ́ ogójì, ọkọ rẹ̀ á sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbàdúrà sí wọn lórí níbẹ̀, wọ́n á sì jọ wọlé tàwọn tọmọ. Ọjọ́ yẹn ni màmá mi ń retí. Àbẹ́là méje tí a máa tàn ti wà nínú àpótí, ó ti fi ìwé ìròyìn wé wọn.

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, mo wà nílé ìwé míṣọ́nnù kan l'Ólódì-Àpápá. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba. Èmi ni mo máa ń ka ẹ̀kọ́ kíkà fún àwọn ìyá nínú ìjọ, nítorí náà kò sí ìwé tó wọ àgbàlá wa tí wọn kì í gbé fún mi: ìwé iná, ìwé láti abúlé, àní ìwé tó wà lára ìgò oògùn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí dòní pé ìjọ kọ́ mi ní ìwé kíkà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ìbá wù mí kí n má mọ̀ ọ́n kà.

Ohun tí bàbá mi kọ nìyí: "Ìyá ọmọ, ara mi le. Àìsàn wọ inú ọkọ̀ tí mo ń ka ẹrù rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ti fi wá sí quarantine. Ẹ má wá o. Ẹ fi mí sínú àdúrà."

Mo kà á geere, àfi ìgbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ kan yẹn. Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò tiẹ̀ sí nínú ábídí wa.

"Kí ló dé tó o fi dúró?" màmá mi bi mí.

"Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ni, mà."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

Ojú gbogbo àgbàlá ló wà lára mi. "Orúkọ ibì kan ni, mà," mo ní. "Ní wọ́ọ̀fù."

Irọ́ ni. N kò rí ọ̀rọ̀ náà rí. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, àgbàlagbà ọmọ onílẹ̀ kan tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ní kí n tún un pè. Mo pè é bí mo ṣe rò pé wọ́n ń pè é. Ó mi orí.

"Mo gbọ́ ọ rí," ló wí. "Láyé ìjọba òyìnbó. Etí omi ni wọ́n ń kó àwọn aláìsàn lọ. Àwọn tí wọ́n kó lọ lójú mi nígbà yẹn..." Ó wo màmá mi àti ọmọ tó wà ní àyà rẹ̀. "Ọlọ́run á ṣàánú."

Ìbá parí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rù ibẹ̀ ìbá mọ níwọ̀n.

Nígbà tó di Sátidé, lẹ́yìn tí a gbálẹ̀ àdúgbò tán gẹ́gẹ́ bí àwọn sójà ṣe pa á láṣẹ, Ìyá Ìbejì tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa mú mi lọ sí Marine Beach. Ẹja ló ń tà, ó sì mọ àwọn èèyàn létí omi níbẹ̀. Wọ́n fi ìka hàn wá. Àwọn ọkọ̀ yòókù sún mọ́ èbúté, ariwo ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ń dún lórí wọn. Ọ̀kan ṣoṣo dá dúró láàárín omi, ó jìnnà sí gbogbo èèyàn, àsíá aláwọ̀ ìyeyè kan sì ń fẹ́ lórí rẹ̀. Kò sí ariwo kankan níbẹ̀. Mo rí àwọn èèyàn lórí rẹ̀, wọ́n kéré bí èèrà. Mo ṣí gèlè orí mi, mo ń jù ú sókè. N kò rí ẹni tó dá mi lóhùn.

Lójú ọ̀nà, Ìyá Ìbejì dì mí lọ́wọ́ mú. "Tó o bá délé, sọ fún ìyá ẹ pé a rí èèyàn lórí ọkọ̀. Má wulẹ̀ sọ pé ibẹ̀ dákẹ́."

"Ṣé ká parọ́ ni, mà?"

"Ṣé o ò rí èèyàn ni?"

"Mo rí wọn."

"Ó tán. Irọ́ wo ló wá wà níbẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà!"

Mo sọ ọ́ bó ṣe kọ́ mi. Màmá mi wò mí títí.

Lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi, mo dé ṣọ́ọ̀ṣì kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi tó dé. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé rí ní ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road. Ó ní ìwé atúmọ̀ èdè kan tó nípọn bí búrẹ́dì, ìwé kàlẹ́ńdà àtijọ́ ló fi bò ó. Bàbá náà gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní ìlú tó ti wá. Bí a bá bi í léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, á kọ́kọ́ bi wá léèrè ìlú tiwa. Ọ̀kan á ní Ìlàjẹ, ọ̀kan á ní Ìbàdàn, ọ̀kan á ní Wàrí. Á ní, "Ẹ rí i, gbogbo yín ló ti ibì kan wá sí Ajégúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀."

Mo fi ọ̀rọ̀ mi hàn án, mo ti kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Inú rẹ̀ dùn. Kò mọ ìdí tí mo fi ń béèrè, n kò sì sọ fún un, nítorí ojú ń tì mí láti sọ pé bàbá mi wà níbi tí àìsàn wà. Ó ṣí ìwé, ó fi awò rẹ̀ sójú, ó kà á sínú, lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè.

"Ọ̀nà ọ̀rọ̀ yìí jìn! Láti ìlú kan tó wà létí òkun nílẹ̀ Ítálì ló ti wá. Oníṣòwò ni wọ́n níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń wá bá wọn láti ibi gbogbo. Àjàkálẹ̀ àrùn wá dé, ó ń pa èèyàn bí ẹni pa eṣinṣin. Ni wọ́n bá ní, ọkọ̀ yòówù tó bá dé, kó dúró lórí omi, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀, ogójì ọjọ́ gbáko. Ogójì lédè wọn ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ogójì! O rí i? Ní ti òde òní, wàyí o..."

Agogo ìsìn lù. N kò dúró gbọ́ ti òde òní. Ayọ̀ pé mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí mo parọ́ lé lórí gbé mi dìde. Mo gbọ́ tó ń pè mí lẹ́yìn, "Dúró kí n parí ẹ, ìwọ ọmọ yìí!" Mo ti bọ́ sójú títì. Ìsìn gan-an, n kò ṣe é.

Màmá mi ń fi òróró ra ọmọ lára lórí ẹní. "Màámi," mo ní, èémí kò tíì délẹ̀ nínú mi, "mo ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ogójì ọjọ́ ni. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n ń kà fún ẹni tó bá wà níbẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọmọ.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Tíṣà ni, mà. Inú ìwé ló ti kà á."

Ó fi aṣọ wé ọmọ, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsí ẹní lábẹ́ rẹ̀. Ó wá pe Ìyá Ìbejì láti inú yàrá. "Ẹ wá jókòó tì mí, Ìyá Ìbejì. Wọ́n ti ń ka ogójì fún ọkọ mi."

Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ọdún méjì ṣáájú, bàbá tó bí màmá mi kú, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ka ọjọ́ fún un, tí gbogbo ẹbí péjọ lọ́jọ́ ogójì láti gbàdúrà fún òkú. Lójú màmá mi, òkú ni wọ́n ń ka ogójì fún. Mo gbé nọ́ńbà yẹn wálé pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Ìyá Ìbejì ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ìwé sáà dé láti ọwọ́ rẹ̀. Màmá mi ní ta ló rí i nígbà tó ń kọ ọ́? Ṣebí ẹnikẹ́ni lè kọ ìwé. Kí ló dé tí atukọ̀ yẹn kò fi lè wọlé? Kí ló dé tí Bàbá Lánlọ́ọ̀dù fi gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí méjì? Ó wá sọ èyí tí kò sí ẹni tó lè fèsì sí: "Ṣé ẹ máa sọ fún mi ni? Èmi tí mo wà nínú ogójì mi? Ta ló ń túfọ̀ fún ìyá ọmọ?"

Òótọ́ ni. Bó ṣe rí nílé wa nìyẹn. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, gbogbo èèyàn á fi pamọ́ fún un, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀ títí ogójì rẹ̀ á fi pé, kí ìbànújẹ́ má baà gbẹ ọyàn. Nítorí náà, bí a ṣe ń sọ fún un tó pé ọkọ rẹ̀ wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ló ń rí i dájú pé ó ti kú. Ó sì rántí bí mo ṣe ròyìn Marine Beach fún un. "Ọmọ yìí gan-an ti bá yín lọ́wọ́ sí i," ló wí. Kò wo ojú mi.

Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ajé ọyàn rẹ̀ ti ń dín kù, ọmọ náà á fà á títí, á yọ ẹnu, á bú sẹ́kún. Ìyá Ìjọ, àgbà obìnrin tó ń ṣe olórí àwọn ìyá nínú ìjọ wa, gbọ́, ó sì wá. Kò kí ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ọjọ́ mélòó lo ti lò nínú ilé yìí?"

"Ọjọ́ mọ́kàndínlógún, mà."

"Mélòó ló kù?"

"Mọ́kànlélógún."

"Ìwọ tí wọ́n ń ka ogójì fún yìí, ṣé òkú ni ẹ́? Dá mi lóhùn! Ṣé òkú ló ń tọ́ ọmọ lọ́yàn?"

Omi bọ́ lójú màmá mi. "Ẹ̀yin náà kò ní ṣàì sọ bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ kò jẹ́ sọ òótọ́ fún mi."

Ìyá Ìjọ bu ẹ̀kọ gbígbóná, ó dúró tì í títí ó fi mu ìdajì, ó sì kúnlẹ̀ gbàdúrà. Nígbà tó ń lọ, mo rí i tó ń fi etí aṣọ nu ojú, ẹ̀rù tún bà mí sí i.

Mo ti rò pé mo pa àbúrò mi. Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀, mo gbàdúrà kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kí Ọlọ́run mú ìwé kíkà kúrò lórí mi, kó sì dá bàbá mi padà. Ọlọ́run mọ èyí tó yẹ kó gbọ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, agolo kejì dé. Atukọ̀ náà tún gbé e sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Páálí sìgá náà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan lára rẹ̀. Ẹni tó rán an ti fi ẹnu ìṣó ha ìlà sí i: mẹ́rin, ọ̀kan dábùú, mẹ́rin sí i. Ìlà mẹ́sàn-án. Gbogbo wa kó orí jọ.

"Kí ni wọ́n ń kà?" Ìyá Ìbejì béèrè.

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù yọjú. "Ó lè jẹ́ iye àwọn tó ti..."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kírun!" Ìyá Ìbejì pariwo.

Màmá mi gba páálí náà lọ́wọ́ mi. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀. Mo tẹ̀ lé e kí ilẹ̀kùn tó pa dé. Ó gbé páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà ṣọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èyí tí bàbá mi fi ka oṣù oyún rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà tó dábùú lára páálí. Ó fi ìka tọ ti ara ilẹ̀kùn. Ìhà òdìkejì ni àwọn méjèèjì wọ́ sí. Ó tún un tọ̀.

Ẹ̀rín kan jáde lẹ́nu rẹ̀ tó dún bí ikọ́. "Ọlọ́wọ́ òsì burúkú," ló wí, ó fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn, ó ń sunkún. "Òun ni. Wọ́n lè bá òkú kọ̀wé. Wọn ò lè bá a fi ọwọ́ òsì fàlà."

Ó ka àwọn ìlà náà pẹ̀lú ọjọ́ tí bàbá mi ti lọ. Mẹ́sàn-án ló bọ́ sí, láti Ọjọ́ Ajé tó jáde nílé. Ó ń ka ọjọ́ ni. Màmá mi jáde síta, ó ní kí wọ́n fún òun lóúnjẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìjọ mú Tíṣà wá. Bàbá náà ti gbọ́ ohun tí ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá sílẹ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó parí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó ní lóde òní, àwọn dókítà ló ń sọ iye ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí àìsàn bá ṣe rí. Ó lè jẹ́ mẹ́fà, ó lè jẹ́ mọ́kànlélógún. Orúkọ ogójì kàn dúró lára rẹ̀ ni, bí orúkọ abúlé ṣe ń dúró lára èèyàn tí kò gbé ibẹ̀ mọ́. Ó sì ní àwọn tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ kò fi ṣe ìdájọ́ ikú. Wọ́n ní kí wọ́n dúró kí wọ́n lè wọ̀lú láàyè ni.

Agolo kẹta kò wá. A gbọ́ pé àwọn ọlọ́pàá orí omi ti lé gbogbo ọkọ̀ onígi jìnnà. Màmá mi wá ń fa ìlà náà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn láràárọ̀. Èmi ni mo ń wo ojú rẹ̀. Bí fèrè ọkọ̀ bá dún láti wọ́ọ̀fù nígbà tí mo wà ní kíláàsì, pẹ́ńsùlù á bọ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo bá rí èèyàn méjì tó dúró sẹ́nu géètì wa lọ́ọ̀ọ́kán, n kì í wọlé títí wọ́n á fi lọ.

Ìlà náà ti di mọ́kànlélógún nígbà tí Ìyá Ìbejì ti Marine Beach dé lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi kan, tó sì pè mí sí ẹ̀yìn ilé.

"Ọkọ̀ yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́."

"Ó lọ síbo, mà?"

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ní kò sí níbẹ̀ láti àárọ̀. Ṣé ká sọ fún un?"

Mo jẹ́ ọmọdé, ó sì ń bi mí léèrè. Mo mi orí pé rárá. Bí èmi náà ṣe di ọ̀kan nínú àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lójú ìyá ọmọ nìyẹn. Mo jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń bá a ṣẹ́ ewébẹ̀, ó sì ń sọ fún mi irú aṣọ tí bàbá mi máa wọ̀ lọ́jọ́ ogójì. Mo ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kò sí ohun tó bà mí lẹ́rù láyé mi tó ohùn ara mi lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kejì, bàbá mi dúró níta géètì.

N kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Wọ́n ti fá orí rẹ̀, aṣọ tó wọ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Mo sáré. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń ti ògiri. "Dúró níbẹ̀! Má sún mọ́ mi!" Gbogbo àgbàlá ti jáde, wọ́n sì ti fà sẹ́yìn. Ó gbé ìwé kan sílẹ̀, ó fà sẹ́yìn, mo mú un, mo kà á sókè fún Bàbá Lánlọ́ọ̀dù: àwọn dókítà ti tú u sílẹ̀, kò sí àìsàn lára rẹ̀.

"Ṣé ìwé máa ń rí àìsàn ni?" obìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn.

"Òótọ́ lẹ sọ," bàbá mi dá a lóhùn. "Ọmọ jòjòló wà nínú ilé yẹn. N kò ní wọlé."

Màmá mi ti dé ojú fèrèsé, ó gbé ọmọ sókè kó lè rí i. Bàbá mi wò ó. "Ó ti sanra," ló kàn lè sọ.

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa tí àwọn tó ń gbààwẹ̀ máa ń gbé. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti lo ọjọ́ méje tó kù kí ogójì pé. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ lọ. Mo máa gbé e sórí àtẹ̀gùn, mo máa rìn padà sí ìdí igi àgbọn, nígbà náà ló máa jáde wá gbé e. Láti ìdí igi yẹn ni mo ti bi í léèrè bí ó ṣe rí lórí ọkọ̀. Ó ní láràárọ̀ wọ́n máa ń pe orúkọ gbogbo èèyàn, ẹ̀rù sì máa ń bà á kí wọ́n tó pe tirẹ̀, pé bóyá ohùn òun kò ní jáde. Ó ní àwọn atukọ̀ méjì tó ṣàìsàn, ọ̀kan dìde, wọ́n gbé èkejì lọ, kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn bó ṣe já sí. Ó ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n gbé ọkọ̀ náà wọ èbúté, kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. N kò mọ orúkọ àìsàn náà títí dòní. Bàbá mi kò gun ọkọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ibi ìkẹ́rùsí lórí ilẹ̀ ló ti ń ka ẹrù.

Tíṣà lèmi náà báyìí. Bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ yẹn ní kíláàsì, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má baà jáde kí n tó parí rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ogójì, àwọn ará ìjọ yà kí wọn tó gba ibi iṣẹ́ lọ. Bàbá Lánlọ́ọ̀dù gan-an wá, ó dúró lójú títì pẹ̀lú tẹ̀súbáà rẹ̀. Mo di àbẹ́là mú. Màmá mi wọ aṣọ funfun, kò wọ bàtà, ọmọ wà ní àyà rẹ̀. Bàbá mi gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wá, aṣọ funfun ni tirẹ̀ náà, ó sì dúró ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí wa. Àwọn méjèèjì wà níta ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀. Ìyá Ìjọ ní kí wọ́n sún mọ́ra kí wọ́n lè gbàdúrà. Bàbá mi kò mira. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Màmá mi ló rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta náà. Ó na ọmọ sí i. Bàbá mi ṣiyèméjì, ọwọ́ òsì rẹ̀ dìde bó ṣe máa ń ṣe, ó sáré rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó fẹ́ yí i padà sí ọ̀tún.

"Ọwọ́ òsì náà ni kí ẹ fi gbà á, bàbá ọmọ," màmá mi wí.

Ó gbà á. A sì wọlé.